Ìwé ìgbésí ayé àwọn ẹni ńlá: ìtàn ni wọ́n ń kọ ni, àbí oríkì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìkọ̀lé ni mò ń gbé, kòkó ni mò ń rà tí mò ń tà. Àkọ́bí mi wọ SS1 lọ́dún yìí, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kó máa ka ìtàn ìgbésí ayé àwọn tó ti ṣe nǹkan ńlá láyé. Mo ra mẹ́ta. Ibi ìsìnkú olówó kan ni wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, ojú ń tì mí láti má rà á, ni mo bá kówó sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo fi kà á tán: wọ́n bí baba, ó gbọ́n, ó là, ó ṣàánú, ó kú. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn méjì tó kù kò sàn jù ú lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìtàn ni àwọn èèyàn yìí ń kọ ni àbí oríkì? Èwo ni kí n rà fún ọmọ yìí tí owó mi kò ní í ṣòfò?

* * *

Ibi "kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi náà ní irú rẹ̀ mẹ́rin nílé. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ìdáná mi tó ń mì, ibẹ̀ gan-an ló sì ti wúlò jù láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Ẹ má fi gbogbo ẹnu bú ẹni tó kọ ọ́ o. Ẹni tó sanwó ìtẹ̀wé náà ló jókòó sí àga iwájú lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ìyàwó àgbà wà lọ́tùn-ún, àwọn ọmọ tí kò tíì pín ogún tán wà lósì. Ta ni yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé baba fi ọgbọ́n gba ilẹ̀ àbúrò rẹ̀?

Kí n dáhùn èyí tó yá ná. Bí owó ìwé kan ṣoṣo ló bá wà lọ́wọ́ mi, Aké Ní Ìgbà Èwe ni n óò rà. Ṣóyínká ló kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 1981. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló wá sọ ọ́ di Yorùbá. Ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹni ńlá: ọmọ tó tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè láti Aké ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń lù tí òun náà ń yan lẹ́yìn, àfìgbà tó bá ara rẹ̀ ní Ìbarà tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ọmọ SS1 á rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá Ìṣọ̀lá sì dùn débi pé ẹ̀yin gan-an á jí i kà nígbà tó bá sùn.

Bí owó ìwé kejì bá wà, Awo, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ nípa ara rẹ̀, tó jáde ní 1960. Ẹ̀yin alára ni mo tilẹ̀ ń rò tí mo fi dárúkọ rẹ̀. Kí ọkùnrin yẹn tó di agbẹjọ́rò, ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe òwò irè oko bíi tiyín, ó ti fi ọkọ̀ èrò ṣiṣẹ́, òwò náà sì dà nù mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú gbèsè. Ó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ wo ọdún tó jáde dáadáa: 1960. Ìwé náà kò tíì mọ̀ pé ní 1963 wọn yóò jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó dùn mọ́ mi láti ka ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó kọ lẹ́yìn náà nípa ẹ̀wọ̀n, 1985 ló jáde, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀ pátápátá.

Ti ìtàn àbí oríkì, n óò padà sí i. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń fèsì sí ìdáhùn mi, tí ẹ ti ń pariwo Mandela láti àná, mo ti gbọ́. Long Walk to Freedom tó kọ nípa ara rẹ̀, ìwé tó dára ni. Ẹ̀wọ̀n ní Erékùṣù Robben ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nínú ọgbà, àwọn wọ́dà hú apá kan rí níbi tí wọ́n ti ń mọ ògiri. 1994 ni odindi rẹ̀ tó dé ọwọ́ aráyé. Ṣùgbọ́n ó lé ní ojú ìwé 600. Ọmọ SS1 yóò gbé e rù bí ẹni gbé búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ fi sílẹ̀ di SS3.

Arákùnrin kan láti Ìjerò ní tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí kò bá ka Napoleon kò lè mọ ohun tí à ń pè ní aṣáájú. Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Àdó níbí, mo sì ti kọ́ Napoleon títí chalk fi wọ̀ mí nímú. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ tó bá ka ti Napoleon, ohun tí ìwé wí náà ni yóò gbà, nítorí kò mọ ẹni tí yóò bi. Ọmọ tó bá ka ti ẹni tó sún mọ́ ọn, á wọ ọkọ̀, á lọ wo ilé náà, á bi ìyá àgbà kan léèrè, ìyá àgbà á pòṣé pé, "Irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ." Pòṣé yẹn ni mo ń wá. Ìgbà tí ọmọ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní í ka ìwé kankan bí ẹni ń gbé omi mì mọ́, ì báà jẹ́ ti Napoleon.

* * *

Ẹ wo ti Fájuyì.

Kò sí ọmọ Àdó tí kò mọ ìtàn náà. Wọ́n bí Adékúnlé Fájuyì síbí ní 1926, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó gba àmì ẹ̀yẹ akọni nínú ogun Congo, ó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1966. Oṣù keje, Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba wá bá àwọn lọ́balọ́ba ṣèpàdé ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ Fájuyì ló sì wọ̀ sí. Ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yí ilé ìjọba ká, wọ́n mú àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n.

Ohun tí à ń sọ níbí ni pé wọ́n ní kí Fájuyì yàgò, àlejò rẹ̀ ni àwọn ń wá, òun ló ní bí ẹ bá máa pa àlejò mi, ẹ pa mí pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn tó kọ̀wé nípa ogun àti ìjọba ológun ní kò rí bẹ́ẹ̀. Pé àwọn tó wá ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti mú Fájuyì náà, kò sí ẹni tó fún un láǹfààní àti yan ohunkóhun.

Mo máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí Ọgbà Fájuyì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, tó jẹ́ pé búrẹ́dì ni mo rò pé ó ń rò, gbójú sókè wo ère, ó ní, "Mà, ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ?"

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ọ̀gá kan tó wà pẹ̀lú wa ní kó panu mọ́. Èmi ní kó tún un sọ kí àwọn tó kù gbọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ gbé wọ inú ìwé ìgbésí ayé nìyẹn: ta ló wà níbẹ̀, ta ló sọ fún ẹni tó kọ ọ́, kí ló sì wà níbẹ̀ fún un?

Arábìnrin tó kọ̀wé sí mi láti Ọ̀yẹ́ pé mo fẹ́ ba orúkọ akọni wa jẹ́, rárá o. Mo gbà pé ó dúró ti àlejò rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi mú wọn, ikú kan náà ni wọ́n kú, kò sì sí ẹni tó lè fi han pé ó tọrọ ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó ń dà mí láàmú ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, tó ń gùn sí i ní ọdọọdún. Lọ́dún tó kọjá mo gbọ́ ọ lẹ́nu alága ayẹyẹ kan, ó ti di odindi ìwàásù.

* * *

Èyí kúrú, torí ará Ìkọ̀lé ló bi mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ ìlú yín ni J. F. Adé Àjàyí tó wà lára àwọn tó mú ìtàn Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òyìnbó? Bóyá ọmọ yín kò gbọ́ orúkọ náà rí.

Ohun tó ṣe fún Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ìwé mẹ́ta ló wà tí mo máa ń tò sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tí Crowther fúnra rẹ̀ kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Kò gùn, ọmọ SS1 á kà á tán ní ìjókòó kan. Ó kọ ọ́ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin, lẹ́yìn náà ẹṣin kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà. Èkejì ni The Black Bishop tí Jesse Page kọ ní 1908: ajíhìnrere tó ń yin ajíhìnrere, Ọlọ́run ló ń ṣe gbogbo nǹkan, òyìnbó ló ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ Adé Àjàyí, èyí tó jáde ní 1965 nípa àwọn ìjọ ajíhìnrere. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí kò tó ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe fi ojú bàbá arúgbó náà gbolẹ̀ ní 1890, ọdún kan péré kó tó kú.

Ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ o. Bí ẹ bá ka ti Page nìkan, ẹ ó rò pé ó kú pẹ̀lú ẹ̀rín ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé tí èèyàn kọ nípa ara rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́, pé ti ẹlòmíràn ló dájú. Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èyí tó fi nǹkan pamọ́ jù.

* * *

Ará Òkèmẹ̀sí kan bínú pé a ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, a ń dárúkọ Ẹ̀gbá, a ń dárúkọ Ìkẹ́nnẹ́, a kò dárúkọ Fábùnmi, jagunjagun ìlú wọn tó ṣáájú nínú ogun tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ìṣòro Fábùnmi ni pé ìwé tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ọ̀tá rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó dáa, kí n má pè é ní ọ̀tá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ló kọ ọ́. Samuel Johnson, àlùfáà, ló kọ The History of the Yorubas tán ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó fún títẹ̀, wọ́n bá a sọ ọ́ nù lọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló tún un tò látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, 1921 ló tó jáde. Johnson sì kúrò ní ẹni tó gbọ́ ogun lẹ́nu èèyàn: òun wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti àgọ́ Ìbàdàn dé àgọ́ Èkìtìparapọ̀ ní 1886. Ó gbọ́ ìró ìbọn tó ń ṣe "kíríjì" tí wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa, ẹ ó rí i pé nígbà tí Fábùnmi fi idà lé àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣọ́ ìlú onílùú, etí Ọ̀yọ́ ló fi gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ ka Akíntóyè, ọmọ Àdó, Revolution and Power Politics in Yorubaland, 1971. Òun bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn: kí làwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyẹn ń ṣe nínú ilé onílé, lórí ewúrẹ́ àti iyán àti ìyàwó èèyàn, tí ìlú tí kò lè bá ara wọn jẹun fi gbà láti bá ara wọn jagun láti 1877 títí dé 1893? Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ni o.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣé Akíntóyè náà kò gbè sẹ́yìn Èkìtì ni? Ó ṣeé ṣe kó gbè. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ka méjèèjì nìyẹn.

Ẹ má fún ọmọ SS1 ní Johnson kó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé náà nípọn, lẹ́tà rẹ̀ sì wẹ́. Ẹ ṣí i sí ibi ogun Èkìtìparapọ̀ fún un. Èmi ì bá ti wo ojú ìwé náà fún yín, ṣùgbọ́n Johnson mi kò sí nílé. N óò sọ bó ṣe jẹ́.

* * *

"Ṣé kò sí obìnrin tó gbé ayé ni?"

Mo ń retí rẹ̀. Ẹ ṣeun, ìyá ìbejì.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé wo ni kò lè sọ bó ṣe pa Adétutù ẹrú rẹ̀? Mo darí eré náà níléèwé wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó ṣe Ẹfúnṣetán ní ìgbà kejì ṣe é débi pé àwọn ọmọ kékeré ń sá fún un nílé oúnjẹ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, sìmẹ́ńtì ló ń tà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń pè é ní Ìyálóde. Ìgbà tá a pàdé ní ọjà Ọba, ó ní, "Mà, ṣé lóòótọ́ ni obìnrin yẹn burú tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kó lọ ka Johnson. Nínú Johnson, obìnrin olówó ni, tó ń kó ohun ìjà àwìn fún àwọn ìjòyè ogun, wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí i lọ́rùn ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba owó ìtanràn, wọ́n tún ní kí àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru. Nínú eré, májèlé ló fúnra rẹ̀ mu. Ó yàtọ̀ síra, àbí kò yàtọ̀?

Ọ̀dọ́ kan ní ìtàn ni ìtàn, eré náà ìtàn ni. Rárá, ọmọ mi. Eré Ìṣọ̀lá dára, n óò máa kọ́ ọ títí mo fi kú, ṣùgbọ́n eré ni. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti yan májèlé. Ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ ni ẹni tó kà á tán tó ń sọ ọ́ ní ìdánwò pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo sì ti máàkì irú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún.

Ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló dá mi lójú jù. Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba ló kọ For Women and the Nation, 1997. Wọ́n wá àwọn ìwé rẹ̀ kà, wọ́n bá àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀, wọn kò sì sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Bí òun àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ṣe bá owó orí àwọn obìnrin jà títí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ ka ìparí Aké Ní Ìgbà Èwe, níbi tí ọmọdé kan ti ń sáré jíṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin ọ̀hún, kó tó wá ka ti àwọn ọ̀mọ̀wé méjì yìí.

* * *

Mo ṣèlérí pé n óò padà sí "ìtàn àbí oríkì".

Ọ̀gá oníkòkó, ẹ fi ìbéèrè yẹn bú oríkì ni. Bí ìwé ìsìnkú yẹn bá jẹ́ oríkì lóòótọ́, ì bá dára. Ta ló sọ fún yín pé oríkì ń yìn nìkan? Ìyá bàbá mi, nígbà tó bá ń ki ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń sọ pé ó ga bí ìrókò, ó tún ń sọ pé a-jẹyán-má-ránti-aládùúgbò, a-jà-lọ́jà-kó-tó-kí-ọlọ́jà. Bàbá wa á máa rẹ́rìn-ín, á fún un lówó. Ìtìjú rẹ̀ wà nínú oríkì rẹ̀. Ibo ló wà nínú ìwé tí ẹ rà?

Ẹ gbọ́ ti Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ààfin Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀ ló ti gbẹ́gi, ó kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní 1924, tí British Museum, ilé ìṣúra àwọn òyìnbó ní London, sì gbà, tí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún dípò fún Ògògà. (Ìtẹ́ fún ilẹ̀kùn! Ẹni tó bá ti rí àwòrán ilẹ̀kùn náà á mọ ẹni tó jèrè.) Ọkùnrin yìí kò kọ ìwé kankan. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Pemberton bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láyé, Olúju-ifun, obìnrin náà sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Nínú oríkì yẹn ni wọ́n ti rí ibi tó ti ṣiṣẹ́, irú èèyàn tó jẹ́, bó ṣe ń gbẹ́ igi líle bí ẹni gbẹ́ ohun rírọ̀. Ìwé ńlá tí Roslyn Walker kọ nípa rẹ̀ ní 1998, ẹnu obìnrin yẹn wà lára ohun tó dúró lé.

Nítorí náà, kí ọmọ yín ka ìwé tán, kó mú bírò, kó lọ sọ́dọ̀ ìyá yín.

* * *

Àwọn tó ń bèèrè ìwé Wòlíì Babalọlá: ẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, àwọn ìwé pẹlẹbẹ ìjọ wà lọ́pọ̀. Awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú ọ̀nà ni kó tó gbọ́ ìpè ní 1928. Ẹ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀nà ìgbà náà sọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ti iṣẹ́ ìyanu, n kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ níbí.

* * *

Oníkòkó ti padà wá. Ó rí Aké Ní Ìgbà Èwe rà lọ́wọ́ oníwèé àlòkù ní Àdó, ẹ̀yìn rẹ̀ ya díẹ̀ ṣùgbọ́n ojú ìwé pé. Ó ní ọmọ náà ti kà dé ibi Ìbarà, ó sì ti bi ìyá bàbá rẹ̀ bóyá bàbá rẹ̀ náà sọnù rí. Ó sọnù rí. Ọjọ́ ọjà ni, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀yìn ẹlẹ́ran ni wọ́n ti rí i níbi tó ti ń sùn. Oníkòkó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun.

Ó wá ń bèèrè Johnson báyìí, bóyá kí n yá òun.

Ọ̀gá, ẹnìkan yá Johnson mi ní 2016 fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ oyè ìdílé wọn. Wọ́n ti jẹ oyè náà, mo lọ, mo jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù níbẹ̀. Ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ dá sí ti Fájuyì. Èèpo rẹ̀ àwọ̀ ewé, orúkọ mi wà lójú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú bírò pupa. Kó fi rán awakọ̀ Ìkọ̀lé sí oníkòkó tààrà, èmi á gbà á níbẹ̀.